Ìbora Onírépé Tí Olútóyìn Fi Sílẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Láti ìgbà tí Olútóyìn ti kú ni àwọn ará Orè ti ń sọ fún mi pé kí n fọwọ́ wọ́nú, pé ẹbí lẹbí ń jẹ́, pé Ọlọ́run á dá ẹjọ́ náà. Kó máa dá a. Wọ́n gé ìbora ọ̀rẹ́ mi sí mẹ́rin lójú mi, ẹnìkan wá ń sọ̀rọ̀ sùúrù sí mi létí. Sùúrù wo? Ṣé sùúrù ló máa bá wa rán an padà ni?

Èmi ni Sẹ̀kínát, Ìyá Àzíìz, tẹ́lọ̀ tó wà lẹ́yìn gáréèjì ọkọ̀ Òǹdó. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ló gbé e dé Orè, Orè ni wọ́n sì bí mi sí. Ẹnu mi mú, mo mọ̀, ẹ ò ní láti sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tí ẹnu mi ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí Olútóyìn jẹ́, torí pé àwọn tó wá pín ẹrù rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n, wọn ò sì mọ̀ ọ́n.

Olútóyìn ń lẹ àpò kòkó. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Àwọn àpò tó bá ti ya, tí eku bá ti jẹ ìdí wọn, wọ́n á kó wọn jọ fún un ní sítọ́ọ̀ kòkó kan lójú ọ̀nà Odigbo. Òun àti abẹ́rẹ́ gígùn kan tó tẹ̀ lórí ló jọ ń jókòó sílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, á máa rán ihò pa. Eruku á bò ó nírun, á wọ̀ ọ́ nímú. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu nígbà tí ọmọ wọn ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó ní òun ń wá iṣẹ́ lọ. A ṣì ń retí rẹ̀. Ọmọ yẹn ni Jésùtọ́pẹ́, ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí. Olútóyìn kì í sọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ní burúkú, èmi ni mo máa ń bá a ṣépè. Á ní, "Ìyá Àzíìz, ẹ fi í lẹ̀ jàre, kó má ba òwú yín jẹ́." Bí inú bá ti ń bí mi, mo máa ń fa òwú já.

Aládùúrà ni. Sùtánà rẹ̀ a máa funfun ju ti wòlíì ilé àdúrà wọn lọ. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń lọ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ti gba ààwẹ̀, á wá jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń jẹun, á máa rẹ́rìn-ín. Èmi Mùsùlùmí, nígbà ààwẹ̀ tèmi náà, mo máa ń lọ jókòó síwájú ìkòkò rẹ̀ láti gbẹ̀san. Ẹnìkẹta wa ni Loveth, ọmọ Agbor tó ti pẹ́ ní Orè débi pé ó ti ń fi Ìkálẹ̀ bú èèyàn. Òun ló ń ta ọjà fún àwọn èrò ọkọ̀ ńlá tó máa ń dúró jẹun níbí.

Ìrépé aṣọ ló kó àwa mẹ́ta jọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń kó ìrépé tó kún ilẹ̀ ìsọ̀ mi lọ dà sí ààtàn, ni Olútóyìn bá dúró tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ẹni tó lè lẹ àpò, ṣé kò lè lẹ aṣọ ni?" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé ìbora ọmọ jòjòló kan wá. Ó ti to àwọn ìrépé yẹn mọ́ ara wọn bí ẹni to táìlì, ó fi aṣọ inú sí i, ó wá fi abẹ́rẹ́ gba gbogbo rẹ̀ kọjá ní ìlà-ìlà títí ó fi di ẹyọ kan. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, n kò rí àṣìṣe kan. Mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe tẹ́lọ̀ nígbà yẹn o. Ẹni tó ń lẹ àpò ló wá kọ́ mi níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín.

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí Olútóyìn bá ti ti ilé àdúrà dé, a máa ń pàdé lábẹ́ àtíbàbà ìsọ̀ mi nìyẹn. Loveth á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, á jẹ ẹ̀pà tán, á wá pín gúgúrú fún àwa méjèèjì. Àá máa rán, àá máa bú ara wa, àá máa sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó kọjá lójú títì. A rán àpò ìfàlọ́wọ́, a rán tìmùtìmù, a rán ìbora ọmọdé, Loveth á kó wọn kọ́ apá, á kó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní àti Àsábà. Wọ́n ń rà á gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ọjà la ṣe ń jókòó. Tí kò bá sẹ́ni tó rà á, àá ṣì rán an.

Òfin méjì la ní. Èyí tí a máa tà, ìrépé ìsọ̀ tẹ́lọ̀ la fi ń rán an. Èyí tí èèyàn bá ń rán fún ara ilé rẹ̀, aṣọ tí ara ti wọ̀ rí la fi ń ṣe é, ìyẹn kì í sì í ṣe títà. Èkejì, ẹni tó ni aṣọ nìkan ló ń fi àlùmọ́gàjí kàn án. Àwa yòókù lè bá a rán, a lè bá a tú, ṣùgbọ́n gígé, olóhun ló ń gé ohun rẹ̀. Olútóyìn ló gbé òfin yìí kalẹ̀. Ó ní ohun téèyàn bá rán, ó ṣeé tú, ohun téèyàn bá gé, ó ti gé nìyẹn. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, torí èmi ni mo rú u.

Ìbora ti Jésùtọ́pẹ́ gba Olútóyìn ní ọdún mọ́kànlá. Ìrépé àkọ́kọ́ tó wà ní igun rẹ̀, ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́n ni, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Sùtánà kékeré tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ wọ̀ ló tẹ̀ lé e. Yunifọ́ọ̀mù tó fi gun igi máńgòrò tó fi ya wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì Àzíìz ọmọ mi wà níbẹ̀, torí pé ó máa ń gbé Tọ́pẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé. Bùláòsì Loveth wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan Olútóyìn wo ojú mi, ó ní, "Ìyá Àzíìz, ẹ fún mi ní díẹ̀ lára òfì Màmá yín, kó lè wà nínú ẹ̀. Ìwọ̀n ìka méjì ti tó."

Òfì ìyá mi! Aṣọ kan ṣoṣo tó kù mí kù lára ìyá mi, tó fi pọ̀n mí, tí mo máa ń ró lọ́jọ́ Iléyá nìkan. Mo ta gìrì. Mo ní, "Ta ló bí ọ tó o fi ní kí n gé aṣọ ìyá mi? Ṣé orí rẹ pé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò sọ nǹkan kan, kí n máa bínú mi lọ. Kò tún béèrè mọ́. Ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ létí ìbora yẹn fún bí ọdún kan, kó tó wá fi nǹkan mìíràn dí i.

Ọjọ́ tí Tọ́pẹ́ bá ń kúrò nílé lọ síléèwé ńlá ló fẹ́ gbé e fún un. Ọmọ yẹn náà mọ̀, gbogbo wa la mọ̀. Bí òtútù bá mú un, á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n fi bora díẹ̀," ìyá rẹ̀ á ní, "Kò tíì yá." Nígbà tí ìwé wá jáde pé wọ́n ti gbà á síléèwé nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, Olútóyìn gbé ìbora yẹn sá sórí okùn níwájú ìsọ̀ mi, kó gba atẹ́gùn. Ọkọ̀ bọ̀gìnì kan dúró. Obìnrin kan bọ́ọ́lẹ̀, ó ní òun fẹ́ rà á. Olútóyìn ní kò sí fún títà. Obìnrin yẹn fowó lé e. Ó ní kò sí fún títà. Ó tún fowó lé e, owó tó pọ̀ débi tí Loveth fi dì mí lápá mú. Olútóyìn wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin náà bímọ. Ẹ̀yin ẹ lè ta tiyín?" Obìnrin yẹn bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ẹni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́ iye owó ọ̀hún ni Olúwagbénga, àbíkẹ́yìn ìyá Olútóyìn, ọlọ́kadà ní Odigbo. Ó wá tọrọ owó epo lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ń wo ìbora yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Mo rí i. Mo sì dákẹ́. Ọjọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn, mo dákẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí Olútóyìn fi ṣubú lórí àpò ní sítọ́ọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ ṣì wà láyé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹbí wá pín ẹrù. Àwọn mẹ́ta ló wá. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, àgbẹ̀ ni ní abúlé Àgọ́ Aláyé, Bàbá Àgọ́ Aláyé la máa ń pè é. Olúwabùsọ́lá, àbúrò tó tẹ̀ lé Olútóyìn, láti Omifunfun. Gbénga ṣìkẹta wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, Bàbá gbàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín. Wọ́n pín ìkòkò, wọ́n pín ìró, wọ́n pín gèlè. Sùtánà rẹ̀, wọ́n ní kó padà sílé àdúrà. Èmi àti Loveth jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ò sọ̀rọ̀, torí pé àṣà ni, a ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Jésùtọ́pẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kó ọwọ́ sáàárín itan.

Ni Gbénga bá fa ìbora yẹn yọ nínú àpótí.

Mo ní, "Ìyẹn kò sí nínú ẹrù. Ti Tọ́pẹ́ nìyẹn."

Bàbá ní, "Ìyá Àzíìz, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òkú kò sọ fún wa. Aṣọ òkú, ọmọ ìyá òkú ló ni ín, bí a ṣe bá a nìyẹn. Ọmọ náà á ní ìpín tirẹ̀."

Gbénga ní kí wọ́n gbé e fún òun, òun mọ ẹni tó máa rà á. Bùsọ́lá ní kí ló dé tó fi jẹ́ Gbénga? Ṣé òun Bùsọ́lá ni kì í ṣe ọmọ ìyá Tóyìn? Gbénga ní Bùsọ́lá ti gba gèlè mẹ́fà. Bùsọ́lá ní gèlè òkú ni Gbénga ń kà, ojú ò tì í. Wọ́n di ìbora yẹn mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń fà á lórí ẹní tí ẹni tó rán an ti máa ń sùn. Orí mi gbóná. Ojú mi ò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbọ́ tí Loveth ń pè mí. Láti ìsọ̀ ni mo ti wá, àlùmọ́gàjí mi wà nínú àpò mi, àlùmọ́gàjí ńlá tí mo fi ń gé aṣọ. Mo yọ ọ́, mo jù ú sáàárín wọn lórí ẹní.

Mo ní, "Ṣé pínpín ni? Ẹ pín in! Ẹ gé e! Àlùmọ́gàjí rèé, ẹ̀yin tí ẹ jọ mu ọmú kan náà, ẹ gé e!"

Ẹ wò ó, mo rò pé ojú á tì wọ́n ni. Mo fi ìyá tó bí mi búra. Mo rò pé Bàbá á gbé orí sókè, á ní, "Ó tó, ẹ gbé e fún ọmọ." Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní tijú? Bàbá wo àlùmọ́gàjí lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ló wá mi orí, ó ní, "Ìyá Àzíìz ti là wá. Kò níí sí ìjà mọ́. Gbénga, gé e."

Gbénga ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó tún ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí mi kàn án, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ò tíì gbọ́ ìró aṣọ onírépé tí wọ́n ń gé. Kì í dún bí aṣọ kan. Ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́, òwú kọ̀ọ̀kan ń já. Mo pariwo, mo fò sí i, Loveth gbá mi mú láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá Àzíìz, ó ti gé! Ó ti gé!" Ó ti gé lóòótọ́. Àlùmọ́gàjí mi mú, èmi ni mo máa ń pọ́n ọn.

Mo wo Tọ́pẹ́. Mo rò pé á sunkún, mo rò pé á bú Gbénga. Kò wo Gbénga rárá. Èmi ló ń wò. Ó dìde, ó gba ìpín tirẹ̀ tí Bàbá nà sí i, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé sà." Ó jáde.

Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Wọ́n ba aṣọ ọdún mọ́kànlá jẹ́ torí kí ẹnìkan má baà gbé e lọ lódindi. Kò ṣeé tà mọ́. Kò ṣeé bora mọ́. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ mi. Mo bú ẹbí yẹn dé orí àwọn tó ti kú nínú wọn. Mo bú Bàbá, mo bú Bùsọ́lá, Gbénga ni mo bú jù. Mi ò sì sọ fún oníbàárà kankan ta ló ni àlùmọ́gàjí. Loveth á kàn máa wò mí, á da ẹ̀pà sẹ́nu.

Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan kan tí wọn ò mọ̀. Òwú tó gba gbogbo ìbora onírépé kọjá ló dì í mú. Tí wọ́n bá ti là á láàárín, gbogbo òwú yẹn ti lanu sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ìrépé á fi máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo Orè títí dé Omifunfun, ta ló lè tún un ṣe? Àwa méjì tó kù ni. Mo bá jókòó, mo ń dúró dè wọ́n.

Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ dé, lọ́jọ́ ọjà. Ó gbé tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kí n bá òun ká etí rẹ̀, ó ti ń tú. Mo gbà á, mo gbé e sínú àpótí, mo jókòó lé àpótí. Mo ní aṣọ yìí kò ṣeé ká láìsí àwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Irọ́ yẹn dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ.

Ó ní, "Ẹ gbé aṣọ mi fún mi."

Mo ní, "Aṣọ ta? Ìwọ lo rán an? Nígbà tí ó ń rán an, níbo lo wà?"

Ó pariwo, mo pariwo jù ú lọ. Àwọn ọmọ gáréèjì pé lé wa lórí. Ó ní òun á kó ọlọ́pàá wá, mo ní kó kó wọn wá, kí n lè rojọ́ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní sùtánà kékeré ọmọ yẹn ló bọ́ sí ìpín òun, àtọjọ́ tí òun ti gbé e dé ilé lòun ò ti lè fi bo ara. Ó fi etí ìró nu ojú, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó lọ. Mo fẹ́ bú u lẹ́yìn, mo kàn padà jókòó lé àpótí.

Bàbá Àgọ́ Aláyé kò wá. Ó fi tirẹ̀ rán ọlọ́kadà kan, ó wé e sínú ìwé ìròyìn, kò fi ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Ìyẹn náà bí mi nínú. Àgbàlagbà gé aṣọ ọmọ òrukàn, kò wá lè sọ pé ẹ jọ̀ọ́.

Ó wá ku Gbénga. Mo dúró dè é ní ọ̀sẹ̀ kan, mo dúró dè é ní méjì. Tọ́pẹ́ máa wọlé síléèwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti ìsọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo. Lẹ́nu gáréèjì ọ̀kadà wọn ni mo ti rí i. Gbénga ò sí lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń mu ògì lábẹ́ igi. Ohun tó wà lórí ọ̀kadà náà ni mo rí. Ó ti fi ìpín tirẹ̀ bo ìjókòó. Ó fi okùn rọ́bà dè é mọ́ ọn yíká. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, epo bẹntiróòlù ti dà sí i, ìdí gbogbo ayé ti jókòó lé e. Igun tí ọ̀já wà ló kọjú síwájú. Ọ̀já tí Olútóyìn fi pọ̀n ọmọ.

Mo já rọ́bà yẹn. Mo fa aṣọ náà, ó já tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ jálajàla. Ibi tí ọ̀já wà, kò ṣẹ́kù ju òwú dúdú tó lẹ̀ mọ́ fóòmù lọ. Mo ké, "Olúwagbénga! Kò níí dáa fún ọ!" Gbogbo ọlọ́kadà ibẹ̀ dìde.

Ó gbé ife ògì sílẹ̀. Mo rò pé á bá mi jà, mo fẹ́ kó bá mi jà. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àzíìz, ẹ máa ṣẹ́ mi lépè. Ẹ̀tọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe tẹ́lọ̀ o. Èmi ò ní àlùmọ́gàjí nílé. Ká ní kò sí lórí ẹní lọ́jọ́ yẹn, ìjà la à bá jà, ilẹ̀ ì bá ṣú, ẹ̀gbọ́n mi àgbà ì bá sì gbé e fún ọmọ. Bó ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, tó bá ti rẹ̀ wá."

Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo kó àkísà yẹn sínú ọ̀rá, mo wá ọ̀kadà mìíràn padà sí Orè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Tọ́pẹ́ wá sábẹ́ àtíbàbà. Ó gbé ìpín tirẹ̀ dání. Loveth ti tẹ́ ẹní, a to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àyè wọn, igun kẹrin ṣófo. Mo gbé ọ̀rá àkísà yẹn síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó wo ohun tí Gbénga ṣe, mo ní ẹbí ìyá rẹ̀ kò lójú àánú, mo ní ọmọ ènìyàn ò kan...

Ó ní, "Màmá Àzíìz, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé e."

Kò gbé ohùn sókè. Ká ní ó gbé e sókè ni, ǹ bá ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó ní, "Màámi máa ń sọ pé ẹ̀yin lẹ nífẹ̀ẹ́ àwa méjèèjì jù lọ ní Orè. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi balẹ̀, torí pé ẹ wà níbẹ̀. Mo ní ẹ ò ní gbà."

Loveth sáré ní òun á lọ mú bùláòsì òun wá, òun ní méjì tó ti gbó dáadáa, a lè fi dí igun yẹn. Tọ́pẹ́ mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí Loveth. Òfì ìyá Màmá Àzíìz ni mo fẹ́. Màámi ti bẹ̀ ẹ́ rí."

Inú bí mi! Ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Aṣọ tí ìyá mi fi pọ̀n mí? Ọmọ àná yìí? Ọ̀rọ̀ ti dé etí ètè mi. Nígbà náà ni mo wo igun tó ṣófo lórí ẹní yẹn, tí mo rí i pé igun ọ̀já ni, ọ̀já sì ni ó ń béèrè. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Mo wọlé, mo ṣí àpótí, mo gbé òfì ìyá mi jáde, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ síwájú ọmọ náà, mo gbé àlùmọ́gàjí lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo ní, "Ó yá, gé ibi tó bá wù ọ́."

Ó ti àlùmọ́gàjí náà padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Màámi ní ẹni tó ni aṣọ ló ń gé e. Ẹ gé e, mà."

Mo gé e. Ìdámẹ́rin rẹ̀ ni mo gé, kì í ṣe ìwọ̀n ìka méjì. Tọ́pẹ́ fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, ó nà án sí mi, a sì jókòó, àwa mẹ́ta, a bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Òwú já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó parí ìlà kan. Kò sẹ́ni tó ní kí n fi í lẹ̀.